Bóyá Japhet Wà Nínú Ayé Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rí

Moyọ̀sọ́lá, Àjíkẹ́ mi,

Ṣé o jí dáadáa ní Ladi-Lak tí o ń gbé nítòsí yunifásítì yín? Olúwa tó dá ẹ sí kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ láàárín àjèjì. Àwa náà ń jí níbí, à ń jẹun, àmọ́ ilé ò dùn. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, kò sì sẹ́ni tó bá mi yọ̀.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, pé ayé tuntun tí ẹ̀yin ará yunifásítì rí nìyẹn, tó ń yí oòrùn tirẹ̀ po níbi tó jìnnà réré. Ìlà kan tó ń lọ gbọọrọ, tó wá tẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, ni mo rí. Mo fi etí ìró nu gíláàsì, mo dorí fóònù kodò, mi ò rí ilé, mi ò rí èèyàn. Bàbá rẹ ní o ti ṣàlàyé pé ẹ kì í fojú rí ayé ọ̀hún gan-an, pé tó bá ń kọjá níwájú oòrùn rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀, tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá tiẹ̀ ń gbébẹ̀, wọn ò lè mọ̀ pé ẹ ń wo àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé mo máa kọ̀wé sí ẹ.

Àjíkẹ́, láti ìgbà tí ọ̀sà Ìlàjẹ tó wà nítòsí yín níbẹ̀ yẹn ti gbé àbúrò rẹ Japhet lọ, wọn ò rí òkú rẹ̀. Kò tíì lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Àkúdàáyà ni irú wọn, ìlú òkèèrè ni wọ́n máa ń lọ tẹ̀dó sí, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ wọn lọ, àfi tí ojúlùmọ̀ bá yọ sí wọn, wọ́n á pòórá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá a lọ síbì kankan. Àmọ́ ẹ̀rọ tiyín ń wo èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó. O mọ àpá iná tó wà lápá òsì rẹ̀. Má pè é o, má sì rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá rẹ fẹ́ sin aṣọ rẹ̀ dípò òkú ní Sátidé, ó ní kí ọmọ náà lè sùn. Mo ti kó aṣọ ọ̀hún sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi ń sunkún, òun náà ń sunkún, a ò jọ sun ún pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Tí o bá rí i níbẹ̀, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, màá ti mọ̀, aṣọ ò ní kúrò níbi tó wà. Tí o bá wò ó títí tí o ò rí i, fi owó pósí ránṣẹ́. Kékeré ni kó jẹ́, aṣọ kì í gba ààyè.

Olúwa á jẹ́ kí ojú rẹ ríran jìnnà, kò sì ní rí ibi. Má sún mọ́ ọ̀sà yẹn.

Èmi ni,
ìyá ìwọ àti Japhet.