Téèpù Kan, Ọkọ̀ Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Bọ̀dá Kò-séwu wá gbé Sisí ọmọ mi láago márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o.) Kùrukùru bolẹ̀. Alùpùpù kan tan iná sẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà. Téèpù pupa àti funfun tí òfin ní kó máa kọ mànà bí iná bá bà á – kò dán rárá. Àbí ojú mi ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kì í ṣe ojú mi. Mo fi iná fóònù wò ó. Téèpù lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ páálí! Mo béèrè. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, ìwọ náà ti di ẹ̀ṣọ́ ojú pópó? Kò séwu jàre." Ẹ̀rín yẹn ti yá jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Wọ́n yẹ ọkọ̀ wò lónìí. Bọ́ọ̀sì yege. Mo tanná sí i – ó ń dán yanran. Báwo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Kò dán mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ti mọ̀! A lọ kí Bọ̀dá, mo rí i lábẹ́ àga rẹ̀. Téèpù gidi, tó ní òǹtẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ tó ní òòfà lẹ́yìn. Ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á gbé e mọ́ ọkọ̀. Bó bá parí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Mo fárígá. Mo ní bí kò bá sí lára bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, Sisí ò wọ̀ ọ́ mọ́. Bọ̀dá wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́ fún mi?

Ọjọ́ Ajé, 10
Bọ́ọ̀sì ń dán. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Onítèmi, ọkọ mi, ò fọwọ́ kan oúnjẹ kó tó lọ síbi tírélà tó ń wà.

Ọjọ́rú, 12
Mo lọ wo ẹ̀yìn tírélà náà. Dúdú kirikiri. Ojú ibi tí òòfà ti ha ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ní! Wọ́n jọ ń gbé e kiri ni – èyí tí mo gbà fún ọmọ, ara bàbá rẹ̀ ni mo ti bọ́ ọ.
Mo bi í. Ó ní olóǹtẹ̀ ti tán lọ́jà, ó di oṣù tó ń bọ̀. "Màmá Sisí, kí ni kí n wí? Ọmọ wa ló wà nínú bọ́ọ̀sì. Èmi ti dàgbà."
Lọ́jọ́ Ẹtì ló ń lọ ọ̀nà jíjìn. Òru méjì lójú títì.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní, "Kí ni wọ́n jẹ́ sí ẹ?"
Mo ní aládùúgbò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ méjèèjì. Sisí ń ṣeré nínú yàrá. Onítèmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní pálọ̀, wọ́n ń ka àwọn tí wọ́n fura sí: mẹkáníìkì, awakọ̀ kejì, olùkọ́ kan. Ọkọ mi yíjú sí mi. "Màmá Sisí, ta lo rò pé ó ṣe wá báyìí?"
Mo ní ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ wá, ó ti ń tutù.