Ilé-Ìwé Tí Bàbá Wa Lọ ní Òkè-Sopẹ́n

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá, 2025

Zubair ẹ̀gbọ́n mi tún pè láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹbí ti fẹnu kò: sàdákátù-járíyà, sàárà tí èrè ẹ̀ ń bá òkú lọ, tí a máa ṣe fún Bàbá, ẹ̀rọ omi ni, ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ la sì máa gbẹ́ ẹ sí. Ó dára. Ilé-ìwé wo? Àwa ọmọ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó tọ́ wa dàgbà ní Àbígí, tó fi ogójì ọdún la pákó ní sọ́míìlì — Ọ̀gá Gẹdú mi, bí mo ṣe máa ń pè é — a ò mọ ibi tó ti kọ́ A, B, D.

Èmi nìkan ni mo ní nǹkan kékeré lọ́wọ́. Nígbà tí àìsàn yẹn wọ̀ ọ́ lára, mo ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó ṣàdédé ní, "Òkè-Sopẹ́n ni mo ti kàwé. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Igi àgbálùmọ̀ wà lẹ́nu géètì." Mo ní, "Ìjẹ̀bú-Igbó kẹ̀, Bàbá?" Ó yíjú sí ògiri.

Torí pé Agó-Ìwòyè ni mo ti ń ṣe olùkọ́, tí Ìjẹ̀bú-Igbó ò sì jìnnà sí mi, èmi ni wọ́n ní kí n wá a kàn. Ìyá nìkan ni kò fẹ́. "Ẹ gbẹ́ ẹ sí mọ́ṣáláṣí. Ilé-ìwé kín ni?" Ìbínú ló fi sọ ọ́. Kò yé mi.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ilé-ìwé àkọ́kọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nítòsí ẹ̀, kò sí Mùtàlíbù, orúkọ Bàbá, nínú ìwé wọn. Òjò sì pa mí rin gbingbin.

Ọjọ́bọ̀, 9

Mo rò pé mo ti rí i! Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan. Kùkùté igi wà lẹ́nu géètì. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Ìyáàfin Hannah, ní àgbálùmọ̀ ni lóòótọ́, ìjì ló wó o. Obìnrin jẹ́jẹ́. Ó gbé ìwé orúkọ àtijọ́ jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù, ikán ti jẹ etí ẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò láti 1957 títí dé 1964, orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí Mùtàlíbù. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ gan-an ò ju mẹ́ta lọ.

Mo fi fọ́tò Bàbá hàn án, èyí tó yà nígbà tó wà lọ́mọ bí ogún ọdún. Ó ní bàbá àgbà kan wà ládùúgbò tó kàwé níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, Bàbá Olúwajùwọ́nlọ. Òun á pè é wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Jímọ̀, 10

Ìyá pè. "Ṣé o ti fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yẹn sílẹ̀?" Mo ní rárá. Ó pa fóònù.

Ìṣẹ́gun, 14

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàbá Olúwajùwọ́nlọ dé tòun tọ̀pá. Ó gba fọ́tò, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó wá jókòó. "Gèébù rè é."

Mo ní, "Rárá sà, Mùtàlíbù ni."

"Yèsí ní Mùtàlíbù? Gabriel ni. Ọmọ Oyètọ́lá káfíńtà. Wo etí òsì. Ajá ló bù ú jẹ, ìṣojú mi ni."

Etí òsì Bàbá wa ò pé. Ayùn ló máa ń sọ fún wa pé ó gé e.

Ìyáàfin Hannah ti ń ṣí ìwé. Nọ́ńbà 87. Gabriel Oyètọ́lá, ó wọlé ní oṣù Kìíní 1958. Níwájú orúkọ náà, yíǹkì pupa: ó sá lọ, 1963.

Bàbá àgbà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Gèébù nígbà yẹn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ̀ láìtọrọ, ó gbé àbúrò ẹ̀ obìnrin sẹ́yìn, Rachel, ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bíréèkì kọ̀. Orí ni ọmọ náà fi lu òkúta. Ẹ̀jẹ̀ bò ó, kò mira. Gèébù dìde, ó wò ó, ó figbe ta, ó sá. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ló wà, ọkọ̀ forí lé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n wá a títí. Wọn ò rí i.

Mo ní, ọmọ náà ńkọ́?

"Rachel? Ó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́síbítù, ó jí, ó ní ebi ń pa òun. Ó wà ní Àtìkòrì, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Búrẹ́dì ló ń tà."

Mi ò mọ orúkọ bàbá mi. Ọdún mọ́kàndínlógójì tí mo ti dé ayé. Mi ò mọ bí mo ṣe wakọ̀ dé ilé. Mo pe Zubair. Ó ní: "Ta wá ni àwa?"

Ọjọ́rú, 15

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ Àbígí. Ìyá wà nídìí ààrò, ó ń yan ẹja. Mo ní, "Ìyá, ta ni Gabriel?"

Ẹja bọ́ sínú iná. Kò yọ ọ́.

Ó mọ̀. Bàbá ti sọ fún un kí wọ́n tó so yìgì: pé òun pa ọmọ kan rí, àbúrò òun. Pé ọkọ̀ gẹdú ló gbé òun dé Àbígí, pé Àkànjí alágbàla tó ń la igi — ẹni tí mo ń pè ní bàbá-àgbà láti kékeré! — ló gba òun sílé, tó sọ òun ní Mùtàlíbù, tó kọ́ òun ní ìrun. Ìyá ní, "Mo ní Ọlọ́run aláforíjì ni. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan láyé. Mo búra."

Ó wá yé mi. Nínú ilé wa, kò sọ́mọ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Èyí tí aládùúgbò kan fún Zubair, ayùn irin ni Bàbá fi là á sí méjì. A rò pé ìkà ni.

Mo ní, "Ìyá, kò kú."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbédè mọ́.

"Rachel. Kò kú. Ó ń ta búrẹ́dì ní Àtìkòrì."

Ó jókòó sórí eérú. Ó ń wí i ní àwítúnwí: "Wákàtí méjì péré ni. Ǹ bá wọkọ̀. Ǹ bá kàn lọ béèrè. Wákàtí méjì péré."

Ẹja jóná tán.

Jímọ̀, 17

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 18

Àtìkòrì. Mi ò tíì kí i tí mo fi mọ̀ ọ́n — ojú Bàbá, lórí obìnrin. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ọmọ Gabriel ni mí.

Kò pariwo. Ó nu ọwọ́ sára ìró. Ó to búrẹ́dì méjì tó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi. "Ṣé òun náà wà nínú mọ́tò?"

Mo mi orí. Ó rí i lójú mi.

"Ìgbà wo?"

"Oṣù Keje, Màámi."

Ó fi ìka kà á. Oṣù mẹ́ta. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta, a wá fi oṣù mẹ́ta pẹ́ jù.

Ó ní ìyá àwọn ń kú lọ, ó ṣì ń béèrè bóyá Gèébù ti dé. Ó ní gbogbo àìsùn ọdún tuntun ni òun máa ń ní kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Wọ́n ní torí mi ló ṣe sá. Gbogbo ayé mi, èmi ni mo lé ẹ̀gbọ́n mi jáde nílé."

Mo wá sọ ohun tí Bàbá gbà gbọ́ fún un. Ìgbà yẹn ló tó figbe ta. "Ó rò pé mo kú? Ó rò pé mo kú ni?" Àwọn èèyàn ń sáré jáde láti ilé gbogbo.

Àìkú, 26

Màámi Àtìkòrì wá sí Àbígí. Ànúolúwa ọmọ wọn ló wà wọ́n wá. Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀ fún wọn, wọ́n dì í mú lápá, wọn ò jẹ́ kí orúnkún ẹ̀ kanlẹ̀. Zubair dúró lókèèrè, ojú ẹ̀ le. Nígbà tí wọ́n bojú wò ó, tí wọ́n ní, "Ọmọ Gèébù," ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Màámi ò jẹun. Wọ́n ní, "Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?" Ìyá ló dáhùn. "Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

A mú wọn lọ sídìí sàréè lẹ́yìnkùlé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n tú gèlè. Àpá kan gùn láti iwájú orí wọn wọnú irun funfun, irun ò hù níbẹ̀. Wọ́n tẹ orí sílẹ̀ sí sìmẹ́ǹtì náà, bí ọmọdé ṣe ń fi ojú ọgbẹ́ han ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Gèébù, ẹ wò ó. Ó ti jinná. Tipẹ́tipẹ́ ló ti jinná."

Wọn ò gbé orí náà kúrò. A dúró.