Bọ́tìnnì tí Mo Rán Mọ́ Ṣòkòtò Bàbá Yín

Àkọ́bí mi,

Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, yàrá rẹ tí òjò ń jò sí yẹn ńkọ́? Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á máa sọ̀rọ̀ rẹ dáadáa lẹ́yìn rẹ. Ara àwa náà le, àfi orúnkún mi òsì, àti ògiri ẹ̀yìnkùlé tí bíríkìlà ní òun ń bọ̀ wá wò láti oṣù tó kọjá, tí a kò tíì rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bàbá yín ní kí n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún ọ láì yọ ibi tí mo ti jẹ̀bi kúrò, owó fóònù kò sì lè gbé ẹ̀bi tó gùn tó báyìí.

Bọ́tìnnì tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo ka ohun tí o kọ mọ́ ọn dáadáa, pé irú rẹ̀ ni ẹ ń lẹ̀ mọ́ garawa ìdọ̀tí àti bọ́ọ̀sì kí ìlú lè mọ ibi tí ohun ìní rẹ̀ wà, àti pé bí bàbá yín bá so ó mọ́ ọwọ́, ọjọ́ tí ọ̀nà bá tún dàrú mọ́ wọn lójú bíi ti ìgbà àìsàn yẹn, a ó mọ ibi tí a ó ti wá wọn. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n yí i padà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní etí àgùntàn ni àwọn ti rí irú èyí rí, ṣé ọmọ àwọn ti wá di darandaran ni. Wọ́n gbé e sórí fèrèsé, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ṣé èmi ni n ó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí fèrèsé? Bí wọ́n ṣe wọ balùwẹ̀ ni mo tú ìgbátí ṣòkòtò wọn, mo fi bọ́tìnnì sí i, mo rán an padà. O mọ̀ pé láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, kò sí ẹni tó ń rí ojú abẹ́rẹ́ mi àfi bí mo bá fi hàn án. N kò sọ fún wọn. Ọkàn mi balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí o ti ní àwọn ọ̀pá ojú títì ni ó ń gbọ́ ohùn bọ́tìnnì, mo máa ń yà sọ́dọ̀ ọ̀pá tó wà ní ìkóríta wa láràárọ̀, mo máa ń kí i, mo sì máa ń sọ fún un pé àgbàlagbà kan ń bọ̀, kó bá mi mójú tó wọn. Kò dáhùn rí, ṣùgbọ́n iná pupa orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé ó gbọ́.

Garawa tí wọ́n fún wa náà ní tirẹ̀ lára. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ bá gbé e, ó máa dún píì, awakọ̀ sì ní ilé tí ó ti wá ni ó ń sọ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó má baà lọ rojọ́ wa ní ọ́fíìsì yín. Ti aládùúgbò wa ń rùn. Ẹ ó ti gbọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́, mo kó pàǹtírí kún garawa, ọkọ̀ wá gbé e lọ. Mo kó aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo padà, bàbá yín kò sí nílé, fìlà wọn wà lórí ìṣó, tíì wọn ti tutù nínú ife. Mo lọ sọ́dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń gẹ irun wọn, wọn kò dé ibẹ̀. Mo lọ sílé ọlọ́lọ̀ tó ń bá wa lọ ata, níbi tí mo ti rí wọn nígbà àìsàn, wọn kò dé ibẹ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà pápá ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sí níbẹ̀ náà.

Bọ́tìnnì ni mo rántí. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníbọ́ọ̀sì, níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo fún un ní nọ́ńbà tí o kọ fún mi. Kó má baà ṣìnà, mo sọ fún un pé ọṣẹ tuntun ni wọ́n fi wẹ̀ láàárọ̀, òórùn wọn lè yàtọ̀ díẹ̀. Ó wò mí, ó ní ẹ̀rọ náà kì í gbóòórùn. Mo ní kó ṣáà gbìyànjú.

Ó ní bọ́tìnnì wọ bọ́ọ̀sì ní ìkóríta, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn afárá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹnu géètì ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí ni bọ́tìnnì ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo bi í bóyá ṣòkòtò ni ó dé ibẹ̀ àbí ẹni tó wọ̀ ọ́.

“Màmá, bọ́tìnnì nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀,” ó ní. “Kò mọ ẹni tó wà lára rẹ̀.”

Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi rí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ lé mi. Olùṣọ́ géètì ní àgbàlagbà kan wà nínú lọ́hùn-ún tó ti ń rán àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta níṣẹ́ láti àárọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ fún un. Orí táyà ni a bá bàbá yín, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, ọwọ́ wọn dúdú bí èédú, àpótí irinṣẹ́ wọn wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Àpótí tí wọ́n fi tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún ogójì ọdún, tí wọ́n fi rán yín nílé ẹ̀kọ́. Èmi ni mo kó o mọ́ pàǹtírí. Wọ́n rí i lẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ń já ẹrù sí, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí wọ́n gbàgbé. Mo bú sẹ́kún, mo ní a rò pé wọ́n sọnù ni. Wọ́n nu ọwọ́ wọn.

“Èmi kọ́ ni mo sọnù,” wọ́n ní. “Àpótí mi ló sọnù, mo sì ti rí i.”

Wọ́n wá béèrè bí a ṣe mọ ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn kò mọ ohun tó wà nílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Bàbá yín kò pariwo. Wọ́n kàn fi ìka tọ ìgbátí ṣòkòtò wọn títí wọ́n fi kàn án. Ọjọ́ méjì gbáko, “hẹn” nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n gbé ṣòkòtò náà àti abẹ sórí máṣíìnì mi.

“Tú u,” wọ́n ní. “Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí mo wà, bi mí.”

Mo tú u, mo sì bẹ̀ wọ́n. Ìgbà náà ni mo sọ ohun tí n kò sọ fún wọn rí, pé ní ọjọ́ tí wọ́n dé ilé ọlọ́lọ̀ nígbà àìsàn, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe ìyàwó ọlọ́lọ̀, àti pé nígbà tí mo dé, wọ́n bi mí pé ta ni mí. Wọn kò rántí. Lẹ́yìn náà wọ́n mú bọ́tìnnì, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, ní gbangba. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí èmi náà so tèmi, torí ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ó yẹ kí ẹnì kan máa wá òun náà.

Nítorí náà, fi ọ̀kan sí i ránṣẹ́. Tèmi kó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, kó bá aṣọ mu. Fi owó díẹ̀ tì í, n ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn, ìyókù á wá bíríkìlà rí. Bá mi sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé bọ́tìnnì nìkan ni ó mọ̀. Kẹ̀kẹ́ méjì tí àwọn ènìyàn dà nù ni bàbá yín gbé wálé láti ibẹ̀, ọ̀kan ti ń rìn.

Ọlọ́run tí kì í béèrè lọ́wọ́ ọ̀pá kó tó mọ ibi tí o wà, kó máa ṣọ́ ọ. O kò ní ṣìnà, o kò ní ṣi ènìyàn mú, ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní gbàgbé ojú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ. Bàbá yín jókòó tì mí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé ilé ni àwọn wà.