Sàréè tí mò ń fọ̀ láti ọdún mẹ́fà kì í ṣe ti Bàbá mi

Ẹ má bi mí lórúkọ o, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ń ka page yìí. Igbó-Elérin ni mò ń gbé, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe, mo ti bímọ mẹ́rin, síbẹ̀ ẹ̀rù áńgẹ́lì òkúta ló ń bà mí... ẹ rẹ́rìn-ín tán kẹ́ ẹ tó gbà mí nímọ̀ràn.

Àgùdà ni bàbá wa. Itẹ́ òkú àwọn Àgùdà àtijọ́ ni wọ́n sin wọ́n sí, lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri. Ní November tí ìjọ máa ń gbàdúrà fún òkú, àwa ọmọ la máa ń lọ fọ sàréè, ká fi ọ̀dà funfun kùn ún, ká tan àbẹ́là. Orúnkún ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lè lọ mọ́, ni wọ́n bá fa iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá lọ, ọ̀sán gangan, mo wọlé... sàréè tó ní òpó bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, obìnrin òkúta tó fi ìborùn bojú tó ń sunkún, áńgẹ́lì tí imú ẹ̀ ti kán tó ń wò mí bíi pé èmi ni mo kán an. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ síwájú mọ́. Kí ni kí n ṣe? Sàréè kan wà lẹ́nu géètì tóun náà ní áńgẹ́lì tó mú fèrè dání, bíi ti sàréè Bàbá. Òun ni mo fọ̀, mo kùn ún, mo ya fọ́tò ẹ̀ látẹ̀yìn kí orúkọ má hàn, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n bá òun tẹ fọ́tò náà ní Iyana-Iba, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn ní Ìbà Estate, iwájú ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà láràárọ̀. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, "Nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan lo rántí Bàbá." Màá yíjú kúrò lára fọ́tò náà.

Ní báyìí orúnkún ti san, wọ́n ní Sunday tó ń bọ̀ àwọn fúnra àwọn ń lọ. Lánàá, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù yẹn, mo sáré lọ wo ti Bàbá... igi ọdán ti hù láàárín ẹ̀, ìyẹ́ áńgẹ́lì ti já bọ́, koríko ti bo orúkọ wọn. Tí mo bá fa igi yẹn tu, sàréè á là. Bí mo ṣe ń jáde, bàbá tó ń ṣọ́ géètì ní àwọn tó ni sàréè iwájú ń dúpẹ́ gan-an, wọ́n ní Ọlọ́run á rán ẹni tó máa tọ́jú ti bàbá tèmi náà. Mi ò lè ṣe àmín.

Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó di Sunday? Àbí kí n dákẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i? Nígbà tí mo wà ní kékeré, tá a bá fẹ́ kọjá níbi tó ń bà mí lẹ́rù, Bàbá á pọ̀n mí, wọ́n á ní kí n di ojú, kí n má là á títí a ó fi kọjá. Àwọn ni mo wá lọ sá fún yìí... ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹ̀gbọ́n mi?