Mọ́ọ̀dù Tèmi ní Leeds

Bàbá mi,

Ẹ kú àìrójú ara wa o. Ara mi le ju ère òkúta Esie lọ, alhamdulillah.

Ẹ ní àwọn ará mọ́sáláṣí ń bi yín léèrè iṣẹ́ mi, ẹ ò sì mọ èsì tí ẹ ó fún wọn. Bàbá, iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù yín náà ni. Ilé-iṣẹ́ wa ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ojú ewé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀, bí irin tí ẹ fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù: àyè àwòrán níbí, àyè orúkọ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti da ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, ojú ewé rẹ̀ á jáde, á gún régé.

Mọ́ọ̀dù mi dára débi pé kò sídìí tí mo fi ní láti dúró tì í mọ́. Ọ̀gá mi yìn mí níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní kí n kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí n sì lọ sinmi tí oṣù yìí bá parí. Wọ́n tiẹ̀ ra kéèkì fún mi, wọn ò kàn sọ ọjọ́ tí n ó padà ni.

Ẹ má ronú òtútù. Kóòtù ni mo wọ̀ jókòó nínú yàrá báyìí, ó móoru dáadáa.

Ẹ bá mi kí Ìyá àti Yusrah àbúrò mi. Ẹ kí Bashir náà, tí ẹ fẹ́ ta mọ́ọ̀dù yín fún, torí pé ẹ̀yìn ń dùn yín, ọmọ yín sì ti rọ́wọ́ mú lókè òkun. Ẹ ní mo kí i gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé mọ́ọ̀dù náà fún un.

Ọmọ yín,
Muaz