Òwú Ẹnu Eku, Òwú Ẹnu Màámi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọ̀gá mi, oníṣègùn eyín — Ìyá Rọra ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí kò lè sọ̀rọ̀ kó má fi "rọra" sí i — fún eku àkọ́kọ́ lóògùn oorun, ó ní ó yá, kí n so ó. Òwú sílíkì tín-ín-rín, yí ìdí eyín inú tó fi ń lọ oúnjẹ ká. Ìdọ̀tí á kó sábẹ́ òwú, èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eegun tó di eyín mú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ, bó ṣe ń ṣe ọmọ èèyàn gan-an. Tó bá yá, a óò tú òwú lẹ́nu àwọn kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ fi gboyè nìyẹn: tí a bá mú ohun tó fa àrùn kúrò, ṣé èrìgì á padà bọ̀ sípò?

Kókó mi tú. Mo tún un so, ó tún tú. "Rọra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Èyí tí mo fẹ̀sọ̀ mú já.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo gbé òwú náà wálé, mo ń fi eyín òòyà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Màámi wò mí títí. Aránṣọ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì, yàrá ẹ̀yìn làwọn méjèèjì jọ ń gbé. Ó bi mí pé ṣé òòyà ni ara rẹ̀ kò yá ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ óò dá àìsàn sí eku lẹ́nu, ẹ̀yin náà lẹ óò tún ṣe dókítà rẹ̀. Ó mà dáa o." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Kókó di! Ó di o! Eku tó kẹ́yìn jí, ó gbọn ara, ó rìn yí àgò rẹ̀ ká bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà. Mo sọ ọ́ ní Olóyè.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Wàhálà. Ìyá Rọra na ọwọ́: òwú dà? Mo tú báàgì mi palẹ̀, kò sí. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ó ti tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀wù iṣẹ́ mi. Etí rẹ̀ tó ti tú tipẹ́ — ẹnì kan ti rán an. Òwú ibẹ̀ ń dán yinrin. Màámi! Òwú eku ló fi rán ẹ̀wù fún mi. Ìyá Rọra rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ náà dára ju kókó mi lọ, ṣùgbọ́n kí n rọra lọ tọrọ òwú míì ní yàrá iṣẹ́ kejì.

Mo délé, mo ní, Màámi, òwú iṣẹ́ nìyẹn o! Ó ní kí wá lòun fi ṣe, ṣé eré ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Nǹkan kan ń gbé mi lọ́kàn. Mo tún wo etí ẹ̀wù náà. Ojú ibi tí òwú parí sí gún régé: sísọ́ọ̀sì ló gé e. Màámi kì í fi sísọ́ọ̀sì gé òwú. Láti kékeré mi ni mo ti mọ ìró náà. Ẹ̀rọ á dúró, Màámi á tẹrí ba, á fi eyín já òwú — tà! — ẹ̀rọ á tún gbéra. Mo jókòó sí pálọ̀, mo tẹ́tí. Ẹ̀rọ dúró. Sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ tún dúró. Sísọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni Màámi fi ń jẹun. Ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì. Bí Olóyè ṣe ń yí oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èmi tí mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu eku lójoojúmọ́! Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi ń pa á, mo tún fẹ́ fi gboyè.

Mo ní kó la ẹnu kí n wò ó. Ó la ẹnu lóòótọ́. Èébú ló fi là á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, kò wojú mi. Eyín iwájú méjì ń mì. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde tó bá ń fọ ẹnu. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ìyá mi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n máa fi kú, kò ku ẹyọ kan. Ti ìdílé wa ni. Ẹ̀yin oníṣègùn eyín, ẹ̀mú nìkan lẹ mọ̀. Tí mo bá jókòó sórí àga yẹn, yíyọ ni wọ́n máa yọ wọ́n."

Ẹ̀rù ń bà á. Màámi tí ẹ̀rù onílé kì í bà, tí ẹ̀rù ọlọ́pàá kì í bà! Inú mi bàjẹ́, mi ò sì lè fi hàn án.

Ọjọ́bọ̀, 13
Èrìgì Olóyè pọ́n koko. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ẹ̀jẹ̀. Mo ní pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe òun nìkan ni mò ń kí.

Ọjọ́ Ajé, 17
A tú òwú lẹ́nu Olóyè àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Rọra fọ ìdí eyín wọn mọ́ tónítóní. Ó kù sọ́wọ́ ara wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Ẹ̀jẹ̀ ẹnu Olóyè ti dá! Èrìgì kò pọ́n mọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ eyín pinpin. Nínú àwòrán, eegun tó ti jẹ kò kún tán, ṣùgbọ́n kò jẹ síwájú mọ́. Eyín tó ń mì ti dúró. Mo jó yí tábìlì ká, Ìyá Rọra ní kí n rọra jó.

Mo fi àwòrán han Màámi lórí fóònù. Ó ní eku ni, ẹ̀mí eku le. Ó tó ìgbà tó jẹun tán kó tó bi mí bóyá Olóyè yẹn ti ń fi apá ibẹ̀ jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Irọ́ ni. Àfi kí n fojú ara mi rí i."

Ọjọ́ Ajé, 31
Màámi níbi iṣẹ́ mi! Wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́wù, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, wọ́n dé e ní fìlà. Ó ní ẹni tó rán fìlà náà kò mọ iṣẹ́. Ó dúró síwájú gíláàsì. Olóyè kò dójú tì mí: ó gbé oúnjẹ líle, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ tí a ti so, ó sì ń rún un wómúwómú. Màámi wò ó, ó wò ó. Mo rò pé yóò tún sọ pé eku ni.

Ìyá Rọra ló yíjú sí. "Dókítà, òwú wo ló wà lẹ́nu tèmi?"

Ìyá Rọra kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta ni, mà, nídìí eyín yín, ó ṣeé fọ̀. Ẹ jẹ́ ká rọra wò ó. Yàrá àga tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín èèyàn wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí. Ó la ẹnu. Kò sí èébú níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin
Wọn ò yọ ìkankan. Wọ́n fọ̀ ọ́ wọ abẹ́ èrìgì, ó sì ku ìgbà mélòó kan. Eyín iwájú kan kò dá Ìyá Rọra lójú: bí kò bá gbọ́, yíyọ ni. Màámi ní obìnrin náà rọra lóòótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Àwọn eku tí òwú ṣì wà lẹ́nu wọn kò jí mọ́ lónìí. Eegun wọn la fẹ́ wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn sókè ketekete, ojú sì tì mí. Olóyè ṣì wà, a fẹ́ mọ̀ bóyá ìwòsàn náà á pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù karùn-ún
Ìyá Rọra fi ìka ti eyín Màámi tó ń bà wá lẹ́rù. Ó ti i, ó tún ti i. Kò mì bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá. Yíyọ ò sí mọ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú ọ̀gá mi. Ó kìlọ̀ fún Màámi gidigidi: fífọ ẹnu láàárọ̀ lálẹ́, àti pé láé, láé, kó má fi eyín já òwú mọ́. Màámi ń mi orí bí ọmọ iléèwé. Ó ní, ẹ ṣé, dókítà, mo ti gbọ́.

Ní báyìí mo wà ní pálọ̀, mò ń kọ èyí. Ẹ̀rọ ń lọ ní yàrá ẹ̀yìn. Ó dúró. Mò ń retí sísọ́ọ̀sì.

Tà!

Ó yẹ kí n dìde lọ bá a wí. Mi ò dìde. Mò ń retí èkejì.