Màmá Ò Fẹ́ Kọ Àbúrò Wọn Sí Ipò Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ti ń sàn.

Ìbò ẹgbẹ́ aránṣọ ló ń dà wá láàmú. Màmá àti àbúrò wọn jọ du ipò alága. Ìbò pín sí méjì láàárín wọn, ẹni tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ ló wọlé. Ẹgbẹ́ fárígá, a ó tún un dì. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn á kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ ní àkọ́kọ́ àti ní ìkejì. Bí àkọ́kọ́ bá fìdí rẹmi, ìbò náà á bọ́ sọ́wọ́ ìkejì.

Màmá ní, "N ò ní fi í ṣe ìkejì láéláé." Àbúrò wọn náà ò gbà láti fi Màmá ṣe ìkejì. Wọn ò kíra mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Màmá. Ẹ ní ìkejì kì í ṣe àbùkù. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ kejì ṣáà ni mo wà lọ́dọ̀ wọn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín.